Ọ̀bẹ, ọsàn àti ọmọ oṣù mẹ́rin

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Kò fi orúkọ sí i, mi ò sì ní wádìí rẹ̀. Lẹ́tà náà gùn, ṣùgbọ́n ibi tó ṣe kókó jù nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi, àkọ́bí mi, kò tíì pé oṣù kan lọ́jọ́ tí mo jókòó tí mò ń bó ọsàn. Òun náà sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kàn ṣàdédé já wọ inú ọkàn mi pé: tí mo bá fi ọ̀bẹ yìí gún ọmọ yìí níkùn ńkọ́? Ara mi gbọ̀n rìrì, mo ju ọ̀bẹ náà nù. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, mi ò tíì bọ́ nínú ẹ̀. Mo ti kó gbogbo ọ̀bẹ ilé sókè wọ́dúróòbù. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti rẹ́ ni mò ń rà lọ́jà. N kì í wẹ ọmọ tí mo bá dá wà nílé, torí èrò ti omi náà ti tẹ̀lé e. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń pè é tó ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ kó lè sọ fún mi pé mi ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, mo ti gun orí òkè. Wòlíì ní ẹ̀mí kan láti ilé bàbá mi ló ń bá mi jà, ṣùgbọ́n mi ò lè la ẹnu sọ ohun tó jẹ́ gan-an fún un. Ẹ jọ̀ọ́ mà: ṣé abísínwín ni? Ṣé mo lè ṣe é? Àbí kí n tètè gbé ọmọ fún ìyá mi ní Ìkirun?”

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi.

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí. Èkejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá sì dáhùn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ìyá tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ti sọ ẹ̀rù náà di iṣẹ́ òòjọ́, ni mo rí. Ó tán. Tí ẹ bá tún kọ lẹ́tà mẹ́wàá láti béèrè bóyá ó dá mi lójú, mi ò ní fèsì síbẹ̀. Kì í ṣe pé mo rorò o. Àìfèsì yẹn gan-an ni ìtọ́jú, òun ni mo sì fẹ́ fi ìyókù ìwé yìí ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ abísínwín, torí kò gba ìfàsẹ́yìn fún ẹni tó bá ń ṣe. Abísínwín wà lóòótọ́, kì í ṣe ìtàn àwọn ìyá àgbà. Nínú ẹgbẹ̀rún ìyá tó bímọ, ó máa ń mú ẹyọ kan tàbí méjì, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣe lè máà sùn fún ọjọ́ mélòó kan kó má sì rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa fò láti ibì kan síbòmíràn. Ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ó lè ní ọmọ yìí kì í ṣe tòun, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n rán òun lórí rẹ̀. Ohun tí mo sì máa ń ṣọ́ jù ni pé èrò náà kì í sábà dẹ́rù bà á; lójú tirẹ̀, òtítọ́ ni. Tí irú èyí bá yọjú lára yín, tàbí lára ẹnikẹ́ni tó ń ka ìwé yìí, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ kú, ẹ má dúró de ọ̀la. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹnìkan sì dúró ti ìyá àti ọmọ.

Tiyín yàtọ̀. Ẹ mọ̀ pé inú ọkàn ara yín ni èrò náà ti ń wá, ẹ kórìíra rẹ̀, ẹ sì ti fi oṣù mẹ́ta sá fún un. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ìyá tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá kò gùn: “Tí èrò yẹn bá dé, ṣé ó ń bà yín lẹ́rù, àbí ó ń bá yín lára mu?” Ẹ ti dáhùn rẹ̀ láìmọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ kó ọ̀bẹ sókè wọ́dúróòbù. Síbẹ̀ lẹ́tà kì í ṣe àyẹ̀wò, ẹ nílò ẹni tó máa jókòó tì yín. Màá sọ ibi tí ẹ lè lọ.

Ohun tí mo rò pé ó ń ṣe yín ni àwọn oníṣègùn ń pè ní OCD. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ẹni tó ń fọ ọwọ́ títí ọwọ́ fi bó ló ń wá sí wa lọ́kàn, tàbí ẹni tó padà wá ti ìlẹ̀kùn wò nígbà mẹ́fà kó tó lè lọ síbi iṣẹ́. Àwọn yẹn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló wà tí ẹ ò ní rí nǹkankan lára wọn, torí inú lọ́hùn-ún ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú 100 ènìyàn, ó ń mú bíi méjì nígbà kan láyé wọn, àsìkò oyún àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ sì jẹ́ ìgbà tó máa ń yọjú gan-an. Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Ọ̀kan ni èrò tó ń já wọlé láìkanlẹ̀kùn. Mo ń pè é ní èrò àjàwọlé. Èkejì ni ohun tí ẹni náà ń ṣe, ní gbangba tàbí nínú ọkàn, láti lé èrò yẹn lọ: àṣetúnṣe nìyẹn. Èrò àjàwọlé fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àṣetúnṣe ló ń sọ ọ́ di àìsàn.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ẹ ti máa bá mi jiyàn. Ẹ ó ní, irú èrò yìí kì í ṣe àìsàn báwo? Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 777 ní orílẹ̀-èdè 13. Sàró wà lára wọn, Sàró tí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ará Èkó àti Abẹ́òkúta ti padà wálé. Wọ́n bi wọ́n bóyá, láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èrò kan tí wọn ò pè, tí wọn ò sì fẹ́, ti já wọ ọkàn wọn: irú èrò pé kí èèyàn ti ẹnìkejì rẹ̀ sójú ọ̀nà mọ́tò, tàbí kó ṣépè nínú ilé àdúrà. Bíi 94 nínú 100 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti àwọn ìyá tuntun tiẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìwádìí kan láti Kánádà, tó jáde lọ́dún 2008, rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ìyá kan tí èrò ìjàǹbá tó lè ṣe ọmọ rẹ̀ kò wá sí lọ́kàn, bí ìdajì wọn ló sì jẹ́wọ́ pé èrò kí àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe ọmọ náà léṣe ti wá rí. Ẹ rántí àwọn ìyá ọlọ́mọ tó bá yín jó lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ pín wọn sí méjì. Wọn ò jẹ́ sọ ọ́ fún yín láé, bí ẹ̀yin náà ò ṣe lè sọ ọ́ fún wòlíì.

Kí ló dé tí tiwọn kọjá lọ tí tiyín jókòó? Èrò dé bá obìnrin kan nídìí ọsàn, ó ní “èrò òṣì wo tún nìyí,” ó ń bó ọsàn rẹ̀ lọ. Ó dé bá òmíràn, ó ní “irú ìyá wo ló ń ro irú èyí?” Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló fún èrò náà ní ìjókòó. Paul Salkovskis, onímọ̀ nípa ìrònú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ lọ́dún 1985 pé ohun tó ń dá OCD dúró ni kí ẹni náà gbà pé ọrùn òun ni gbogbo ẹrù wà: pé tí òun bá ti lè ro ibi, tí òun kò sì ṣe nǹkankan láti dènà rẹ̀, bíi pé òun ti ṣe é ni. Ẹ ò rí i pé ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ jù ló máa ń bọ́ sínú rẹ̀ jù.

Ilé tí a ti tọ́ wa tún ní ìpín tirẹ̀. Àwa gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára. Àfọ̀ṣẹ kò jìnnà sí wa, “jẹ́wọ́ rere” orí pẹpẹ náà kò jìnnà. Láti orí “ohun tí mo bá sọ á ṣẹ”, ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kí èèyàn dé orí “ohun tí mo bá rò á ṣẹ”. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń ṣe tí ẹnìkan bá la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ibi: a ó fi ọwọ́ yí orí ká, a ó ta ìka síta, a ó ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”. Ẹ̀ẹ̀kan, ó parí, a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo tọ́jú obìnrin kan (mo ti yí ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ padà) tó ń ṣe é lórí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ́kọ́ ń yí ọwọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀meje. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń yí ọwọ́ lórí ọmọ lálaalẹ́ kó tó lè tẹ́ ẹ sùn. Tí ẹnìkan bá bá a sọ̀rọ̀ láàárín, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ọwọ́ yẹn débi pé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i, ó rò pé eré ni.

Ẹ wo bó ṣe pọ̀ sí i. Ìtura tí àṣetúnṣe ń fún èèyàn, owó èlé sọgúndogójì ni. Ẹ yá a lónìí, ẹ̀rù lọ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Lọ́la, ẹ̀rù náà padà wá pẹ̀lú èlé, ẹ sì tún ní láti yá ju ti àná lọ kí ẹ tó rí ìwọ̀n ìtura kan náà. Ọpọlọ kò lè kọ́ pé kò séwu, torí ẹ kò jẹ́ kó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa parí sí. Ohun tó ń kọ́ ni pé torí ọ̀bẹ wà lókè wọ́dúróòbù ni ọmọ ṣe wà láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ka gbèsè yín. Ọ̀bẹ tí ẹ kó pamọ́, ẹ̀fọ́ tí ẹ ń rà ní rírẹ́, ìwẹ̀ ọmọ tí ẹ ti fi sílẹ̀, ìpè mẹ́wàá sí Èkó: ìwọ̀nyí ẹ mọ̀. Àwọn kan wà tí ẹ kò kọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ń ṣe wọ́n. Ẹ máa ń tẹjú mọ́ ọmọ láti wò ó bóyá ìfẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn yín. Ẹ máa ń tún ọjọ́ ọsàn yẹn rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti mọ̀ bóyá ọwọ́ yín tiẹ̀ sún síwájú díẹ̀. Ẹ ti wá ìròyìn àwọn ìyá tó pa ọmọ lórí Google, láàárín òru, láti fi wọ́n wé ara yín. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi gan-an, ẹ má bínú, ọ̀kan nínú wọn ni.

Lílé èrò náà kì í lé e lọ. Lọ́dún 1987, Daniel Wegner ní Texas ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kí wọ́n má ro béárì funfun rárá, kí wọ́n lu aago kékeré kan nígbàkígbà tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Aago kò dákẹ́. Nígbà tó sì wá sọ fún wọn pé wọ́n lè máa ro béárì náà bó ṣe wù wọ́n, wọ́n rò ó ju àwọn tí kò kọ́kọ́ dá lẹ́kun lọ. Béárì lásán nìyẹn o, tí kò sí ẹni tó bìkítà fún. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́ kí ẹ máa ta á mọ́ ara yín tí èrò bá ti dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan ń wá sọ́dọ̀ mi tó rò pé òun ti fi mọ́tò gbá ènìyàn láìmọ̀ nígbàkígbà tó bá bọ́ sínú kòtò. Ó máa bi mí, èmi náà á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kò gbá ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fi ẹ̀rín lọ sílé. Mo rò pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Oṣù méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti di kòtò kejì: kì í tún lè wakọ̀ láti ibi iṣẹ́ délé láìkọ́kọ́ pè mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá dá yín lóhùn.

Ìtọ́jú tó dára jù tí a ní ni ERP. Èmi ń pè é ní ìkojú: kí ẹ kojú ohun tó ń bà yín lẹ́rù, kí ẹ má sì ṣe àṣetúnṣe tó máa ń tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn Middlesex ní London ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Victor Meyer kọ̀wé lọ́dún 1966 nípa aláìsàn méjì tí ìtọ́jú ìgbà náà ti kùnà lórí wọn. Wọ́n ti ẹ̀rọ omi yàrá pa, nọ́ọ̀sì sì dúró ti aláìsàn kó má lè fọ ọwọ́. Ó le, àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi di 1974, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ́jú 15, 10 nínú wọn sì gbádùn gidigidi. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, nínú àwọn tó parí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 12, ó sàn fún 86 nínú 100 tó ṣe ìkojú, àti fún 48 nínú 100 tó lo oògùn clomipramine nìkan. Mo dìídì sọ pé “àwọn tó parí”, torí àwọn kan máa ń sá.

Ká ní ẹ wá sọ́dọ̀ mi, lẹ́yìn tí oníṣègùn ti yẹ̀ yín wò. Ìjókòó àkọ́kọ́ àti èkejì, ọ̀rọ̀ la máa fi sọ. A ó jọ kan àkàbà kan láti 0 dé 100. Ó lè jẹ́ pé ìwé tí a kọ “ọ̀bẹ” sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ni 20. Ọ̀bẹ lórí tábìlì, ọmọ ní yàrá kejì: 35. Bíbó ọsàn, ọmọ lórí ẹní: 65. Kí ẹ pọn ọmọ kí ẹ máa rẹ́ ilá: 75. Kí ẹ dá wẹ ọmọ nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn: 85. Ẹ̀yin lẹ ó sọ iye wọn, kì í ṣe èmi. Ìsàlẹ̀ la ó ti máa gùn ún bọ̀.

Tí a bá dé orí ọsàn, màá gbé ọ̀bẹ fún yín. Ọmọ á sùn sórí ẹní. Ọwọ́ yín á gbọ̀n, èèpo á máa já kélekèle dípò kó yí wálẹ̀ bíi rìbọ́ọ̀nù. Màá bi yín: “Mélòó ni ẹ̀rù?” Ẹ ó ní àádọ́rin. Ẹ ó wò mí lójú, ẹ ó sì bi mí: “Mà, tí mo bá wá ṣe é ńkọ́?” Mi ò ní sọ pé ẹ ò ní ṣe é. Màá ní: “Ó ṣeé ṣe. Ẹ máa bó o lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí àwọn aláìsàn mi nínú, àwọn ọkọ wọn sì máa ń bínú jù wọ́n lọ. Àmọ́ ohun tí mò ń kọ́ yín níbẹ̀ ni pé ẹ lè di ọ̀bẹ mú, kí ẹ̀rù wà, kí àìdánilójú wà, kí ọmọ máa sùn lọ, kí ẹ̀yin sì parí ọsàn. Nígbà míràn ẹ̀rù á ti já wálẹ̀ sí 40 kí ẹ tó bó ọsàn kẹta. Nígbà míràn kò ní já. Mi ò kà á sí ìkùnà. Lẹ́yìn náà a ó jẹ ọsàn náà. Ẹ̀yin ò ní padà wá wo ikùn ọmọ bóyá ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó le jù lọ́jọ́ yẹn sì nìyẹn.

Iṣẹ́ àmúrelé wà. A ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó fi ohùn ara yín gbà á sórí fóònù: “Èrò pé mo lè gún ọmọ mi wà lọ́kàn mi. Ó lè ṣẹlẹ̀, ó lè máà ṣẹlẹ̀. Kò sí ìyá kan láyé tó ní ìwé ẹ̀rí pé òun ò ní ṣe é láé. Màá máa tọ́ ọmọ mi lọ bẹ́ẹ̀.” Ẹ ó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí yóò fi sú yín, bí ìpolówó rédíò tí a ti gbọ́ àgbọ́tì ṣe ń súni. Ìjókòó 12 sí 20 ló sábà máa ń gbà lápapọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yìí dá bẹ̀rẹ̀ láti orí 85 nínú ilé. Ẹni tó bá gun àkàbà láti òkè máa ń jábọ́, á sì wá ní ìkojú ni kò ṣiṣẹ́.

Mo ní iṣẹ́ fún ọkọ yín náà. Ìfẹ́ ló fi ń dá yín lóhùn nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń yá yín lówó èlé. Kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ ṣàdéhùn rẹ̀. Tí ẹ bá pè é tí ẹ ní “Ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe é?”, kó ní: “Ìyá ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. A ti jọ sọ ọ́ pé mi ò ní dáhùn ìyẹn. Kí lo jẹ lónìí?” Inú ẹ̀yin méjèèjì ò ní dùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ti wòlíì, mi ò ní ní kí ẹ má gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá Ọlọ́run ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ tàbí èrò lẹ ń bá jà. Tí ẹ bá ń ka Sáàmù 91 tí ẹ ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, tí ó wá di dandan kí ẹ tún un kà láti òkè kí ọmọ má bàa kú, ìyẹn ti kúrò ní àdúrà. John Bunyan, oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì tí àwa Yorùbá ti ń ka ìwé rẹ̀ ní èdè wa láti ayé Hinderer, míṣọ́nnárì tó ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, jẹ́wọ́ ní 1666 pé ọjọ́ pẹ́ tí èrò kan fi ń sọ fún òun pé kí òun ta Kristi. Ó ń dá èrò náà lóhùn pé rárá, rárá, ó tiẹ̀ ń fi ọwọ́ àti ìgúnpá tì í dànù, bíi tiwa tí a ń ta ìka. Títì náà kò lé e lọ. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ka ìwé mi yìí mọ tiwọn, wọ́n ń pè é ní wáswásì: alùwàlá tó di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kí wọ́n tó lè kírun. Hádíìsì kan wà nínú Sọ̀híìhù Muslim, níbi tí àwọn sàábé ti sọ fún Ànábì pé èrò kan ń wá sí àwọn lọ́kàn tó burú débi pé àwọn ò lè fẹnu sọ ọ́. Kò ní kí wọ́n lọ ṣe ìtúsílẹ̀. Ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn gbangba nìyẹn.

Oògùn wà, ojú kò sì gbọdọ̀ tini láti lò ó. Sertraline ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn máa ń kọ́kọ́ yàn fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ inú wàrà ọmú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, ìwọ̀n tí OCD ń gbà sì sábà máa ń ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ, nítorí náà ẹ má torí ọ̀sẹ̀ méjì sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́mísì fún ara yín. Ó ń di bárakú, ó sì ń ba ìkojú jẹ́.

Láti Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà níbẹ̀. UCH wà n'Ìbàdàn. Aro wà l'Abẹ́òkúta, láti 1954 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tí ọkọ yín bá fẹ́ kí ẹ wá bá òun, Yaba wà l'Ékòó. Ẹ má kàn sọ níbẹ̀ pé “èrò burúkú ń dà mí láàmú”, bí ẹ ti sọ fún wòlíì, torí ìyẹn lè túmọ̀ sí ohunkóhun. Ẹ má sì sọ pé “mo fẹ́ pa ọmọ mi”, torí kì í ṣe òótọ́, nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ lè figbe ta. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Èrò pé mo lè ṣe ọmọ mi léṣe ń já wọ ọkàn mi. Mi ò fẹ́ ẹ, ó ń bà mí lẹ́rù, mo sì ti ń sá fún ọ̀bẹ àti omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ mí wò fún OCD.” Kí ẹ wá bi ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú yín bóyá ó ń ṣe ERP.

Ìbéèrè kẹta ló kù. Ẹ má gbé ọmọ lọ sí Ìkirun nítorí èrò yìí, àyàfi tí oníṣègùn tó yẹ̀ yín wò bá rí ohun tí mi ò rí láti inú lẹ́tà. Tí ẹ bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí ìyá yín wá sí Òṣogbo. Kí wọ́n wá sebẹ̀, kí wọ́n wá fọ aṣọ, kí wọ́n gba ọmọ lóru kí ẹ lè sùn, torí àìsùn máa ń mú èrò yìí le sí i. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀ ọmọ, ẹ̀yin ni. Wọ́n lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n bọ́ sí pálọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi n'Ìbàdàn lẹ wá yàn, ẹ gbé ọmọ dání. Ẹ má wulẹ̀ mú ọ̀bẹ wá, ó wà nílẹ̀. Ẹ bá mi ra ọsàn bọ̀ ní Gbọ̀ngán. Tèmi ti tán.